Kíkọ́ Èdè Lórí Ẹ̀rọ: Ojú Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Fi Ń Wò Ó

Ní ìgbà àtijọ́, bí a bá ní ọmọ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn olúkúlùkù ni pé ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ńṣì, olùkọ́ dúró níwájú rẹ̀, pátákó ìkọ̀wé sì wà lára ògiri. Lóde òní, ọ̀ràn ti yípadà. Ọmọ yunifásítì lè wà ní ilé bàbá rẹ̀ ní abúlé, kí ó di fóònù mú lọ́wọ́, kí ó fi nǹkan há etí, kí ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun wà ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ yìí ń ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu. Àwọn kan rò pé eré ni ọmọ ń ṣe. Àwọn mìíràn ń bínú pé owó tí àwọn fi ránṣẹ́ fún ìwé ni ọmọ fi ń ra dátà. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, iṣẹ́ olùkọ́ ti parí nìyẹn.

Èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó ní àbùkù tirẹ̀. Ó dára kí a gbọ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń sọ nípa ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ, pàápàá jù lọ ní ti èdè kíkọ́, nítorí pé èdè ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ ni ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jẹ́ alárinà nínú rẹ̀ láàrín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Oríṣi méjì ni ó pín sí. Èkíní ni èyí tí gbogbo kíláàsì ń pàdé ní wákàtí kan náà, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn, tí wọ́n sì ń rí ojú ara wọn lórí ẹ̀rọ, bí ọ̀kan tilẹ̀ wà ní Ṣakí tí èkejì sì wà ní Ìkòròdú. Èkejì ni èyí tí olùkọ́ ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ṣí i nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èdè kejì ni èdè tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kejì. Ìbáà ṣe ìmọ̀ ìṣègùn ni ọmọ ń kọ́, ìbáà ṣe ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ti ẹ̀rọ, àwọn yunifásítì Nàìjíríà a máa mú un ní dandan kí ó kọ́ bí a ti ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì yege nínú rẹ̀ kí ó tó gba oyè. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ìṣirò bí ẹni mọ owó, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ yóò dúró. Òbí tí ó ta kòkó tàbí tí ó gba owó èsúsú láti rán ọmọ ní yunifásítì ní ìdí pàtàkì láti mọ bí a ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lóde òní.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI Ọ̀NÀ JÍJÌN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òní ni ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò rí sójú. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti gbà kí àwọn tí kò gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kan lo àǹfààní yìí kí a tó dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára wọn. Nílé níhìn-ín ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà ní ìgbà náà mọ ìṣòro tí ó wà nínú rẹ̀: kíkàwé lóru lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, lẹ́tà tí ó pẹ́ lójú òkun, àti ìṣòro tí ó ta kókó tí kò sí ẹni tí yóò bá ni tú u nítòsí. Ìdáhùn tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ìgbà náà lè dé láàrín ìṣẹ́jú kan lónìí.

Kọ̀ǹpútà pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ni. Ní ọdún 1960, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Donald Bitzer àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní PLATO, tí a fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó yá, a fi í kọ́ èdè pẹ̀lú. Ní ọdún 1967, ní Yunifásítì Stanford, a fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní èdè Rọ́ṣíà, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ́ èdè kan náà lọ́dọ̀ olùkọ́ nínú yàrá gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí ọdún parí, a rí i pé àwọn tí ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lágbede méjì kò pọ̀ láàrín àwọn ẹlẹ́rọ tó bí wọ́n ti pọ̀ láàrín àwọn yòókù, àṣìṣe àwọn ẹlẹ́rọ nínú ìdánwò sì kéré.

Ní Nàìjíríà, ní ọdún 1983 ni a ṣe òfin tí ó dá yunifásítì ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn sílẹ̀. Ìjọba ológun dá a dúró ní ọdún 1984. Ní ọdún 2001 ni a tún gbé e dìde, òun sì ni a mọ̀ sí NOUN lónìí.

OHUN TÍ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ FẸ́RÀN NÍNÚ RẸ̀

Ohun kìíní tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń yìn ni àyè àti àsìkò. Nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń pé jọ sí, èrò a máa pọ̀ débi pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ olùkọ́ dáadáa. Bí olùkọ́ bá ti sọ̀rọ̀ kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin títí yóò fi yé e. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lè kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́. Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ sùn lè lo ìdajì wákàtí tí ó rí.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìtìjú, èyí sì ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú èdè kíkọ́. Àgbàlagbà tí ó mọ tinú-tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ a máa dà bí akólòlò ní èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú kíláàsì, bí ẹnìkan bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bú sẹ́rìn-ín, wọn a ní ó yìnbọn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni bẹ́ẹ̀ lè pinnu pé òun kò ní la ẹnu mọ́. Ní ọdún 1986, Elaine Horwitz àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas, ní ìlú Austin, gbé ìwọ̀n kan jáde tí ó ní gbólóhùn 33, tí a fi ń mọ bí ẹ̀rù kíláàsì èdè ti ń ba akẹ́kọ̀ọ́ tó. Wọ́n fi hàn pé ẹ̀rù yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Ẹni tí kò bẹ̀rù nínú kíláàsì ìṣirò lè máa gbọ̀n nínú kíláàsì èdè.

Ìwádìí méjì fi hàn bí ẹ̀rọ ti lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1995, Richard Kern tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì California, ní ìlú Berkeley. Nígbà kan, a ní kí wọ́n fi ẹnu jíròrò nínú kíláàsì; nígbà mìíràn, a ní kí wọ́n jíròrò nípa kíkọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà, iye ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ju ìlọ́po méjì ti ìjíròrò ẹnu lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1996, Mark Warschauer tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ 16 tí ó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Hawaii, tí wọ́n wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Éṣíà. Nígbà tí wọ́n fi ẹnu jíròrò, àwọn díẹ̀ ni ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, àwọn tí ó kù dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí ẹ̀rọ, àwọn tí ó máa ń dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ tiwọn, ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàrín wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀ láti sọ èrò àwọn ní ọ̀nà yìí.

Ohun kẹta ni sùúrù ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í bínú, kì í ké mọ́ni, kì í sì í sọ fún ẹlòmíràn pé lágbájá kò mọ̀wé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi iṣẹ́ kan ṣe nígbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá náà ni ẹ̀rọ yóò fún un ní àyè láti tún un ṣe.

OHUN TÍ WỌ́N Ń RÁHÙN LÉ LÓRÍ

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yin ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ráhùn, ìráhùn wọn kò sì yẹ kí a gbójú fò dá.

Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ìráhùn kìíní nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá jókòó ti ẹ̀rọ a máa nímọ̀lára pé òun nìkan ni ó wà láyé. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, kò sí ẹni tí yóò rí i ní ojú rẹ̀ pé kò yé e. Olùkọ́ tí ó wà nínú yàrá a máa wo ojú, a sì tún ọ̀rọ̀ sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń pàdé lórí ẹ̀rọ sì máa ń pa àwòrán ara wọn mọ́ nítorí dátà tàbí nítorí ìtìjú ibi tí wọ́n jókòó sí, olùkọ́ a sì máa bá òkùnkùn sọ̀rọ̀.

Ìráhùn kejì ni pé ahọ́n kì í rí iṣẹ́ tó bí ìka ti ń rí i. Kíkọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Kern pàápàá kíyè sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jíròrò lórí kọ̀ǹpútà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ òfin gírámà. Èdè sì ní ohun tí etí àti ẹnu níláti kọ́ papọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, a rí àwọn ìró tí kò sí nínú Yorùbá, bí irú èyí tí a ń kọ ní v àti z, àti èyí tí a ń fi ahọ́n sáàrín eyín pè. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú ni yóò fi ètè àti eyín hàn, tí yóò sì gbọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti pè é. Bákan náà ni fún àlejò tí ó ń kọ́ Yorùbá. Bí kò bá rí ẹni tí yóò tún ohùn rẹ̀ ṣe, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí ó sì fẹ́ sọ pé òun wọ ọkọ̀ yóò sọ ohun mìíràn.

Ìráhùn kẹta, tí ó le jù fún ọmọ tálákà, ni ti owó àti ohun èlò. Iná mànàmáná kì í dúró. Àwọn abúlé mìíràn wà tí a níláti gun orí òkè kí fóònù tó gbọ́ ohùn. Dátà ń gbówó, àwòrán tí ó ń rìn a sì máa jẹ ẹ́ ju ohùn lásán lọ, gẹ́gẹ́ bí ohùn lásán ti ń jẹ ẹ́ ju ìwé kíkọ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rọ já lójú rẹ̀ ní àárín ìdánwò kò ní fi ojú rere wo ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ mọ́. A kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ọdún 2020 jẹ́ kí èyí hàn gbangba. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Nàìjíríà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta ọdún náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni gbé ẹ̀kọ́ wọn sórí ẹ̀rọ. Ní yunifásítì ìjọba, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kò sì dópin títí di oṣù kejìlá, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé láìní ẹ̀kọ́ kankan. Ní oṣù kẹta náà, Charles Hodges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìkìlọ̀ kan pé kí a má ṣe fi ẹ̀kọ́ pàjáwìrì wé ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ tí a fara balẹ̀ ṣètò. Ẹni tí iná lé jáde kúrò nínú ilé tí ó sùn sábẹ́ igi ní òru kan kò lè fi òru náà ṣe ìdájọ́ bí ilé tuntun yóò ti rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ pé ní ọdún 2020 nìkan ni ó ti tọ́ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ wò.

KÍ NI Ó Ń MÚ AKẸ́KỌ̀Ọ́ GBÀ Á TÀBÍ KỌ̀ Ọ́?

Ní ọdún 1989, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Fred Davis, gbé àlàyé kan jáde tí àwọn olùwádìí ṣì ń lò káàkiri ayé. Ó ní ohun méjì ni ènìyàn ń wò kí ó tó gba ẹ̀rọ tuntun: ǹjẹ́ yóò ṣe mí ní àǹfààní? Ǹjẹ́ ó rọrùn láti lò? Nínú ìwádìí rẹ̀, àǹfààní ni ó wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ará abúlé láti lóye. Nígbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá dé, kì í ṣe ariwo rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe gàrí fẹ́ràn. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí ìka wọn ń ti ibẹ̀ bó ní odindi ọjọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe tán láàrín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn, nítorí náà wọ́n fara da ariwo àti owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ba gbágùúdá jẹ́ ni, kò sí ẹni tí yóò dé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Bí olùkọ́ bá kàn da ìwé ogójì ojú-ewé sórí ẹ̀rọ, tí kò dá ìbéèrè ẹnikẹ́ni lóhùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà á sí ìyà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń gbọ́ ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀, tí ó sì ń sọ fún un pé báyìí ni kí o pè é, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé òun ń tẹ̀ síwájú, yóò sì fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà. Ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ẹ̀rọ kò jìnnà sí ojú tí ó fi ń wo ẹni tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà.

IBI TÍ AGBÁRA Ẹ̀RỌ MỌ

Yorùbá pàápàá jẹ́ èdè kejì tí a ń kọ́ ní yunifásítì òkèèrè. Ní Yunifásítì Texas, ní ìlú Austin kan náà tí a dárúkọ lókè, ni Fẹ́hìntọ́lá Mosádọmí ti kọ ìwé ẹ̀kọ́ tí a pè ní Yorùbá Yé Mi. Ìwé náà àti ohùn tí ó bá a rìn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé ilẹ̀ Yorùbá rí lè gbọ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kan ti wá sí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn láti gbé láàrín àwọn tí ó ni èdè. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè kọ́ ènìyàn bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ìgbà tí a ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́ àti ìgbà tí a ń sọ pé ẹ kú ìjókòó, àti bí ìyàtọ̀ ti wà láàrín o àti ẹ.

Nítorí ìdí kan náà ni ìjọba Nàìjíríà fi dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, nítòsí Badagry, ní ọdún 1991. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ Faransé ní yunifásítì ń lọ gbé, kí wọ́n lè máa sọ ọ́, kí wọ́n máa gbọ́ ọ, kí wọ́n sì máa fi í jẹun, láìná owó rẹpẹtẹ láti lọ sí òkèèrè.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ẹ̀rọ tí a ń pè ní ChatGPT jáde, àwọn irú rẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ yìí lè bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe, ó sì lè kọ odindi àròkọ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ tirẹ̀, tí ó sì bi ẹ̀rọ léèrè ibi tí òun ti ṣàṣìṣe, ń kọ́ èdè. Ẹni tí ó ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ọ́ dà bí ẹni tí ó rán ẹlòmíràn lọ jẹun nítorí pé ebi ń pa òun. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi dáhùn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÚKÚLÙKÙ ṢE

Àwọn òbí níláti mọ̀ pé dátà lè jẹ́ owó ìwé. Kí wọ́n béèrè wákàtí kíláàsì lọ́wọ́ ọmọ, kí wọ́n má sì ṣe rán an ní oko tàbí ní ọjà ní wákàtí náà. Kí wọ́n fún un ní igun kan nínú ilé tí ariwo kò pọ̀ sí. Bí òbí bá ń ṣiyèméjì pé bóyá eré ni ọmọ ń ṣe, kí ó má ṣe kọ́kọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ní kí ọmọ sọ ohun tí ó kọ́ lónìí fún òun ní Yorùbá. Ẹni tí ẹ̀kọ́ yé níláti lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níláti fi ẹnu wọn ṣiṣẹ́. Kí wọ́n gba ohùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, kí wọ́n sì máa gbọ́ ọ nílé láìná dátà. Kí wọ́n ka ìwé sókè, kí wọ́n gba ohùn ara wọn, kí wọ́n fi wé ti olùkọ́. Kí àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà ní agbègbè kan náà máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa sọ èdè tí wọ́n ń kọ́, kí wọ́n sì ṣe é ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ojú ń tì láti béèrè nínú kíláàsì lè kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́.

Àwọn olùkọ́ níláti rántí ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré àti ẹni tí iná kò sí ní ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a fi ohùn ṣe, tí a sì fi ìwé kékeré tì lẹ́yìn, lè dé abúlé tí àwòrán tí ó ń rìn kò lè dé. Kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kí ó tó pẹ́ jù, kí wọ́n sì máa pe akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ, nítorí pé ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ kì í rò pé òun nìkan ni ó wà.

Àwọn ará abúlé pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Bí yàrá ìkàwé abúlé bá ní iná oòrùn tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹgbẹ́ ìlọsíwájú lè gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi agbára sí fóònù wọn níbẹ̀ ní alẹ́ méjì láàrín ọ̀sẹ̀. Owó kékeré tí gbogbo ènìyàn dá jọ lè ṣe ohun tí òbí kan ṣoṣo kò lè ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kíláàsì olùkọ́ jẹ́ ọ̀nà kan, ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀nà mìíràn, àti gbígbé láàrín àwọn tí ó ni èdè jẹ́ ọ̀nà kẹta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń yin ẹ̀rọ kò purọ́, àwọn tí ó ń ráhùn nípa rẹ̀ kò sì purọ́. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe fún ọmọ kan ni ó yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣe fún èkejì, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rí, àti gẹ́gẹ́ bí ilé tí ọmọ náà jókòó sí ti ràn án lọ́wọ́ tó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà ní nǹkan bí ọdún 1944 àti ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ lónìí? Kí ni ohun tí wọ́n fi jọra?

2. Èéṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó máa ń dákẹ́ nínú kíláàsì fi lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ?

3. Kí ni ahọ́n lè kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó wà nítòsí, tí ó ṣòro láti kọ́ lórí ẹ̀rọ?

4. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó wà ní abúlé yìí tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ? Níbo ni wọ́n ti ń rí iná, níbo sì ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dé?

5. Kí ni ohun kan tí ẹgbẹ́ ìlọsíwájú tàbí àwọn òbí lè ṣe fún wọn kí oṣù yìí tó parí?